Àpólò Tí Kò Ran Ẹnikẹ́ni

"Má fọwọ́ kàn án! Kai! Kar ka taɓa!"

Sájẹ́ńtì Christopher fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀ka kan tó ṣẹ́ lára ọgbà tó yí oko Bàbá Samson Ògúnníyì ká ní Du. Inspẹ́kítọ̀ Abísọ́lá Ọlábọ̀dé di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á kúrò níbẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Bí inú obìnrin yìí bá ti ń ta sókè, ẹ̀rín ni kì í jẹ́ kó gbádùn, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti pa èèyàn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti bá a wí títí, ó ti sú wọn.

"Màdáámù, ṣebí igi lásán ni," Christopher ní, ó ń nu ọwọ́ tí kò tíì kan nǹkan kan.

"Igi lásán? Ìwọ ọmọ Iléṣà yìí, ṣé kò sí ọrọ́ nílùú yín ni?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi í ṣe ọgbà?"

"Àwa ń fi í ṣe ọgbà níbí. Ewúrẹ́ ò lè jẹ ẹ́, màlúù ò lè wọ́ inú rẹ̀. Wo oje funfun yẹn. Wàrà lo máa pè é. Bó bá kan awọ ara, á bó. Bó bá wá kó sójú, háà! Ojú á wú, á pọ́n, á máa ta ọ́ bí ẹni pé wọ́n lọ ata sí i. Ọmọ Du tí kò tíì mọ bàbá rẹ̀ yàtọ̀ ti mọ̀ pé a kì í sún mọ́ ọrọ́."

Christopher kó ọwọ́ méjèèjì sápò. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé e láti Òṣogbo wá sí Jos, gbogbo nǹkan ìlú náà ló ń bà á lẹ́rù, àti òtútù, àti èdè Hausa, wàyí o, àti igi.

Abísọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí ọrọ́ náà ti ṣẹ́ fẹ̀ tó kí èèyàn kan fi èjìká tì í gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ẹ̀ka gun ara wọn lórí, wọ́n ṣẹ́ sí ìta oko. Oje tó ti ṣàn sílẹ̀ ti gbẹ, ó ti di gọ́ọ̀mù dúdú. Kì í ṣe ẹran ló ṣe èyí. Ẹnìkan ló sá kúrò nínú oko yìí, ó ń sá lọ lójú méjèèjì, kò sì mọ ohun tó ń sá wọ̀.

"Christopher," ló wí, ẹ̀rín tún ti ń gbọ̀n ọ́n lóhùn, "wọ́n ti fi èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sínú àtìmọ́lé."

Ọ̀rọ̀ náà kò ní rọrùn láti sọ fún Dípíò, ọ̀gá àgọ́ wọn, nítorí lójú tirẹ̀ ẹjọ́ náà ti parí. Ta ni kò mọ Bàbá Samson Ògúnníyì ní Jos? Ọdún 1938 ni ọkọ̀ ojú irin já a sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí abẹ́rẹ́ àti òwú kan ṣoṣo. Ó ta kẹrosíìnì fún àwọn tó ń wa kùsà, ó kọ́ ilé iṣẹ́ búrẹ́dì sí Dogon Dutse, ó kọ́ ilé sí Anglo Jos, ó sì di kánsẹ́lọ̀ tí ẹ̀yà gbogbo ń dìbò fún. Lóṣù November ọdún 1976 yìí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Plateau sílẹ̀, tí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ sì ń bọ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tí kò gbà pé òun náà ló tún máa wọlé. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹnìkan fi ọkọ́ gbá a lẹ́yìn orí nínú oko ànàmọ́ rẹ̀. Dalyop, ọmọ Du tó ti ń bá a tọ́jú oko náà fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ló gbé e pọ̀n dé títì. Kí ọkọ̀ tó dé ọsibítù, Bàbá ti lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀wù Dalyop. Ọkọ́ náà, ti Dalyop ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti Bàbá jọ pariwo mọ́ra wọn lórí omi tí wọ́n fi ń rin lámbù, ìyẹn oko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà létí odò. Èyí tó wá burú jù ni pé ìyàwó Bàbá, Màmá Àtinúkẹ́, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé: "Dalyop ni. Ta ló tún wà níbẹ̀?"

Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ nígbà tí Abísọ́lá wà ní Pankshin nídìí ẹjọ́ màlúù. Ìgbà tó dé ni Dípíò gbé fáìlì lé e lọ́wọ́ pé kó kàn fọwọ́ sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé Dalyop lọ sí kọ́ọ̀tù pé ó pààyàn, ẹni tó bá sì ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ìdúró òkú ló dúró.

Abísọ́lá ti rí ọkùnrin náà láàárọ̀ kó tó wá sí Du. Ẹni gíga ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé bí ẹni tó ń dúró de òjò kó dá. Hausa ni wọ́n fi bára wọn sọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ lo lù ú?"

"A'a."

"Ta wá ni?"

Dalyop ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ban ga kowa ba," ló wí. Kò rí ẹnikẹ́ni.

"Kí ló dé tí o ò fi bẹ̀bẹ̀? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

Ó ní òun mọ̀. Ìyẹn nìkan ló rí sọ. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ méjèèjì sì mọ́ kedere. Abísọ́lá kò ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà náà. Níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí yìí nídìí ọrọ́, ó wá rí i pé nǹkan ni.

"Gbọ́ mi dáadáa," ó sọ fún Christopher bí wọ́n ṣe ń padà síbi tí Láńdírófà wà. "Ẹnu ọ̀nà oko wà fún Dalyop láti gbà. Ó mọ àlàfo táwọn èèyàn ń gbà lọ sódò lápá ọ̀hún. Kí ló máa mú un forí gbá ọrọ́? Ká tiẹ̀ ní wèrè kọ lù ú, ojú rẹ̀ ì bá ti wú. Ẹni tó sá gba ibí yìí kì í ṣe ọmọ Du. Ará ìgboro ni, ojú sì ń ta á lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí."

"Màdáámù," Christopher ní, "àwọn kan ní lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Alhaji Sàláúdéènì tó ń ta obì bá Bàbá jà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní ariwo wọn dé títì. Ṣebí òun náà fẹ́ di kánsẹ́lọ̀?"

Abísọ́lá tún bú sẹ́rìn-ín. "O ò ṣe tètè sọ? Wa mọ́tò!"

*

Ṣọ́ọ̀bù Alhaji Sàláúdéènì kò jìnnà sí ọjà ńlá. Òórùn obì àti ti ewé tútù tí wọ́n fi wé e pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Alhaji fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé, fìlà funfun, irùngbọ̀n funfun, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Abísọ́lá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Alhaji. Kí ló ṣe yín lójú?"

"Ọmọ mi, Àpólò ni."

"Àpólò?"

"Àpólò. Ojú pípọ́n yìí táwọn èèyàn ní ó bá àwọn òyìnbó tó lọ sínú òṣùpá wọlé. Ìwọ náà ò mọ Àpólò?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ti jà ní Jos lọ́dún bíi mélòó kan, ó sì tún ti padà dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pààyàn, tí ojú rẹ̀ sì wá pọ́n, irọ́ wo ló tún máa pa tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ? Abísọ́lá rọra sún mọ́ ọn. Christopher ní tirẹ̀ ti yí ojú sí ògiri, nítorí ó gbà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbà, pé ẹni tó bá wo ojú Àpólò ti kó o nìyẹn.

"Alhaji, níbo lẹ wà láàárọ̀ Túsìdé?"

"Níbí."

"Ta ló rí yín?"

"Hàbíbátù!" Alhaji pariwo. "Ẹ jáde wá o! Ọlọ́pàá fẹ́ mọ ẹni tó rí mi."

Aṣọ tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ká sókè. Ìyàwó rẹ̀ Hàbíbátù jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Lùkúmọ̀n, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù, tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Obìnrin kan tó wá ra obì wà lẹ́yìn wọn, ó ń fi etí ìborùn nu ipin. Gbogbo wọn tò síwájú ọlọ́pàá, wọ́n ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Christopher kígbe "Jésù!" ó sì sá jáde.

Ẹ̀rín pa Abísọ́lá, ó pa Alhaji, ó pa oníbàárà. Ọ̀rọ̀ náà ti bà jẹ́ lójú Inspẹ́kítọ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín náà ṣe ń lọ sílẹ̀, nǹkan kan dúró sí i lọ́kàn. Àpólò kì í wọ ilé kó mú ẹnìkan ṣoṣo.

"Ọjọ́ wo ló wọlé síbí?"

"Sọ́ńdè ló mú Lùkúmọ̀n," Hàbíbátù ní. "Kó tó di Wẹ́sìdé ó ti kárí. Wallahi, a ò tilẹ̀ lè jáde lọ kí ìyàwó Samson."

Bí wọ́n ti dárúkọ Samson, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alhaji. Ó nu ojú rẹ̀, kò sì ṣeé mọ̀ bóyá Àpólò ni tàbí ẹkún.

"Ọmọ mi, mo mọ ohun tó gbé ọ wá. Wọ́n ní mo bá a jà. Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ojú irin kan náà ló gbé àwa méjèèjì dé ìlú yìí. Òun ní àpótí abẹ́rẹ́, èmi ní àpò obì. Òtútù Jos fẹ́ pa á ní sitéṣọ̀n lọ́jọ́ náà, mo fa aṣọ ìbora mi ya sí méjì, mo fún un ní ìdajì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pe àwa méjèèjì sí kánsù la ti ń bára wa du nǹkan. Bí a bá bú ara wa tán níbẹ̀, ilé mi ló ń wá jẹun."

"Kí lẹ wá ń jà sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Ó wá bá mi pé òun ò du ipò náà mọ́. Ó ní kí èmi náà lọ sinmi. Ó ní Tíṣà Veronica, ọmọ Du, ni kí àwa méjèèjì jọ na ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú ìlú. Ó ní, 'Sàláúdéènì, orí ilẹ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí la ti di èèyàn. Ṣé a ò wá ní dìde fún wọn lórí àga?' Mo pariwo lé e lórí. Òun náà pariwo. Nígbà tó yá, mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo gbà fún un."

"Ta ló tún sọ fún?"

"Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tó bá di àárọ̀ Túsìdé, òun á mú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn jù lọ sí oko, òun á rọra sọ ọ́ fún un níbi tí kò ti sí ariwo."

"Ta lẹni náà?"

"Kò dárúkọ, èmi náà ò sì béèrè." Alhaji gbé ojú pípọ́n rẹ̀ sókè. "Ì bá ṣe pé mo béèrè."

*

Christopher ti jókòó sínú mọ́tò, ó ti gbé gíláàsì sókè, ó ń fi ankáṣífì bo imú, bí ẹni pé imú ni Àpólò ń gbà wọlé. Abísọ́lá wọlé, ó gbá ilẹ̀kùn dé, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn jù! Kì í ṣe Alhaji, ó ti gbà. Kì í ṣe Dalyop, ọmọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé sókè, ijó ni ì bá jó. Ta ló ń dúró de àga yẹn lẹ́yìn Bàbá?"

"Adéyínká ńkọ́?" Christopher ní láti inú ankáṣífì. "Ọmọ àbúrò Bàbá tó ti kú. Bàbá àti Màmá ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló sì ń bá Bàbá ṣe gbogbo wàhálà ìdìbò. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, Màdáámù. Nígbà tí mo lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Màmá lọ́jọ́ Túsìdé, ẹ̀gbẹ́ Màmá ló jókòó sí. Òun ló ń rán an létí gbogbo ìjà tí Dalyop bá Bàbá jà."

"Báwo lojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Mi ò mọ̀."

"O jókòó níwájú rẹ̀, o ò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí?"

"Gíláàsì dúdú ló wọ̀. Ó ní Àpólò ń ṣe òun. Mi ò wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kí n má bàa kó o. Kò sẹ́ni tó wò ó nínú gbogbo wa. Dípíò gan-an, òrùlé ló ń wò tó fi bá a sọ̀rọ̀ tán."

Abísọ́lá gbé orí lé iwájú mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ wo ọlọ́pàá tó kún àgọ́ kan! Wọ́n wo ẹsẹ̀ afurasí, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀wù rẹ̀, ojú tí ẹ̀rí wà gan-an ni kò sẹ́ni tó wò.

"Anglo Jos," ló wí nígbà tó rí ohùn. "Tètè, Christopher. Bí wọ́n bá gbé Dalyop dé kọ́ọ̀tù ká tó dé, ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé Àpólò fún adájọ́."

*

Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn kún iwájú ilé. Nínú pálọ̀, Màmá Àtinúkẹ́ jókòó sórí ẹní, ó wọ dúdú, ìborùn onírun wà léjìká rẹ̀ nítorí òtútù. Adéyínká jókòó tì í. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni, ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, gíláàsì dúdú wà lójú rẹ̀, ó ń gba ìkíni bí ẹni tó ti di baálé.

Abísọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́raku, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti gbé ìkà yẹn lọ sí kọ́ọ̀tù?"

"Ó kù díẹ̀. Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀rù Àpólò ń bà mí ni. Ta ló tún ní i nínú ilé yìí?"

"Yínká nìkan ni, ọmọ mi ò gbádùn."

"Láti ìgbà wo?"

"Túsìdé náà ni. Bó ṣe wọlé láàárọ̀, ojú rẹ̀ ti wú tìmùtìmù. Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ fún un ni wọ́n wá pè wá pé…" Kò lè parí rẹ̀.

"Ta ló ń fọ̀ ọ́ fún un láti ìgbà náà?"

"Èmi ni. Ta ló tún ní?"

"Táwẹ́ẹ̀lì wo lẹ fi ń nù ún?"

"Táwẹ́ẹ̀lì kan náà tí gbogbo wa ń lò. Òun náà ni mo fi ń nu omijé ara mi."

Abísọ́lá wo ojú ìyá náà. Ẹkún ti sọ ọ́ di rírọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ipin níbẹ̀, inú rẹ̀ kò sì pọ́n.

"Màdáámù," Adéyínká dá a lẹ́nu, "ṣé ọlọ́pàá ni yín tàbí nọ́ọ̀sì? Ẹni tó pa bàbá mi wà lọ́wọ́ yín."

"Bọ́ gíláàsì yẹn."

"Ó ń ràn o."

"Jẹ́ kó ràn mí!" Abísọ́lá ti dìde. "Ó ti ń ran gbogbo Jos, ilé yìí nìkan ni kò ràn. Bọ́ ọ!"

Adéyínká bọ́ ọ. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Awọ ìpéǹpéjú ti bó, ó sì bó wá sílẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bíi ti ẹni tí nǹkan ṣàn sí lójú tó sì fi ọwọ́ nù ún. Lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún kan náà, ó lé ròrò. Ẹ̀rù ba Christopher títí, síbẹ̀ ó wò ó.

"Àpólò kì í bó awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́," Abísọ́lá ní.

"Ooru ààrò búrẹ́dì ni. Ìdí ààrò ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ náà."

"Ìgbà wo lo dé Du gbẹ̀yìn?"

"Ó ti ju oṣù kan lọ."

"Aṣọ wo lo wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Mi ò rántí."

"Súwẹ́tà eléérú rẹ ni," Màmá ní. "Ṣebí òtútù mú."

"Màmá, ẹ má dá wọn lóhùn mọ́."

"Kí ló dé tí mi ò ní dá wọn lóhùn? Ẹni tó pa ọkọ mi ni wọ́n ń wá." Ó yíjú sí Abísọ́lá. "Ó wà lórí okùn lẹ́yìn. Láti Wẹ́sìdé ni mo ti ń fọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ ò lọ. Yínká ní sítáàṣì tí wọ́n fi ń lẹ àwòrán ìdìbò mọ́ ògiri ló ta sí òun. Mo ti fi ọṣẹ…"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Abísọ́lá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé ibi tí òun kò lè tì í mọ́. Bí ìyá yìí bá ní òun ti fọ̀ ọ́ mọ́, bó bá ní òun kò rí gọ́ọ̀mù kankan, ẹjọ́ náà á le ju ojú ẹja lọ. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Àánú ìyá náà ṣe é.

"Màmá, kí ni wọ́n fi ń yọ sítáàṣì?"

"Omi gbígbóná." Ohùn Màmá ti wálẹ̀. "Omi gbígbóná lásán ló ń yọ ọ́. Mo fi omi gbígbóná. Mo fi ọṣẹ dúdú. Ó kàn ń dúdú sí i ni."

Adéyínká pè é jẹ́jẹ́. "Màmá."

Màmá Àtinúkẹ́ yíjú sí i. Ó wo ojú tó ti ń fọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọmọ náà kò tíì ní eyín nígbà tí wọ́n gbé e fún un, Màmá fúnra rẹ̀ sì ti gbé ní Jos pẹ́ ju ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ yẹn lọ, kò sí ohun tí ọrọ́ ń ṣe tí kò mọ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ibi tó bó lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Oje ọrọ́ ni," ló wí. "Yínká, oje ọrọ́ ni."

"Ọdún mẹ́wàá!" Adéyínká fò dìde, àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wó lulẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri! Èmi ni mò ń bá a kí wọn, èmi ni mò ń bá a sin òkú wọn! Ó mú mi dé oko, ó ní Veronica! Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ewé ànàmọ́. Kò tilẹ̀ wo ojú mi, Màmá. Kò wo ojú mi!"

Ó ní òun kò mọ ìgbà tí òun gbé ọkọ́. Ìgbà tí òun gbọ́ tí Dalyop ń kọrin bọ̀ lápá ẹnu ọ̀nà ni ojú òun là, tí òun sì gba ibi tí ojú òun kọjú sí. Christopher so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Màmá kò sunkún. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bàtà òun, òun fẹ́ bá wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

*

Wọ́n ti so Dalyop lọ́wọ́, ó ti fẹ́ wọ mọ́tò kọ́ọ̀tù nígbà tí Láńdírófà já wọlé. Abísọ́lá fò sílẹ̀ kó tó dúró. Ohun tó sọ fún Dípíò kò gùn, ẹ̀rín tún ti ń dà á láàmú, Dípíò sì wo ojú Adéyínká fúnra rẹ̀ níkẹyìn, ó wá yọ fìlà, ó ní kí wọ́n tú ọkùnrin náà sílẹ̀.

Dalyop jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Màmá Àtinúkẹ́ rìn lọ bá a, gbogbo àgọ́ ń wò, ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dalyop, ka yi hakuri, má bínú. Èmi ni mo nawọ́ sí ọ."

"Mama, a'a, a'a!" Ọkùnrin náà fò dìde, ó gbá a mú, ó gbé e jókòó sórí bẹ́ńṣì. Lẹ́yìn náà ló rí Adéyínká tí wọ́n ń mú kọjá lọ. Ó wò ó, kò yà á lẹ́nu. Ńṣe ló káàánú, ó sì sáré bojú wo Màmá, bí ẹni tí àwo bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Abísọ́lá rí i. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ gbẹ.

"Dalyop," Màmá pè é, òun náà ti rí i. "Ṣé Bàbá sọ̀rọ̀ nígbà tí o pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà?"

Dalyop gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ báyìí. Kí ló sọ?"

"Ó ní kí n má ṣe sọ fún Mama pé Yínká ni." Ó ń wo ilẹ̀. "Ọ̀nà jìn. Ó ń sọ ọ́ ṣáá títí ohùn rẹ̀ fi tán. Mo ní ó dáa, Baba, mi ò ní sọ."

"Wọn ì bá so ọ́ kọ́!"

"Na sani, Mama." Ó ní òun mọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Abísọ́lá Ọlábọ̀dé, ẹni tí gbogbo ọlọ́pàá Jos ń pè ní ọlọ́gbọ́n, kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìdáhùn ti wà nínú àtìmọ́lé, kò sì sí ọgbọ́n tí ì bá fi yọ ọ́ jáde níbẹ̀.

Màmá di ọwọ́ Dalyop mú. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ìborùn onírun èjìká rẹ̀, ó fi bo ọkùnrin náà, nítorí òtútù ti ń mú, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Dìde, ká lọ sílé," ló wí. "Ọ̀la la máa sìnkú rẹ̀. Apá ibi orí pósí ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, ìwọ ni o máa gbé e."

Christopher ló lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún wọn.